Abúlé Inú Igbó Ìjọba: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mẹ́rin ni mo mú nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, torí igbó ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá lé. Ìdáhùn sí èyí àkọ́kọ́ yóò gùn, ẹ fara balẹ̀ kà á.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

"Bàbá, mo kí yín o. Ọmọ mi obìnrin ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ Cross River. Ilé-ìwé kan ní Boki ni wọ́n fi í sí. Ó pè mí lórí fóònù pé abúlé wà nínú ọgbà igbó tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́ níbẹ̀, pé èèyàn ń gbé inú rẹ̀ tọmọtọmọ, ìnàkí sì ń bẹ nínú igbó kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Bí ìjọba bá ní kẹ́nikẹ́ni má ṣọdẹ, kó má dáko, kí ni wọ́n ń jẹ? Kí ló dé tí wọn ò kó wọn jáde? Ṣé kò séwu fún ọmọ mi?"
Ìyá Agùnbánirọ̀, Kàbbà

Ìyá wa, ẹ kú àárò ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìnàkí, ìyẹn gorilla, kì í wá èèyàn kiri. Ìwọ̀nba tó kù nínú igbó yẹn ti mọ̀ pé ìbọn lọmọ aráyé ń gbé kọ́ èjìká. Bó bá ti gbóòórùn wa lókèèrè, á kó ìyàwó, á kó ọmọ, á bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ máa kìlọ̀ fún ọmọ yín nípa rẹ̀ ni ọ̀kadà lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ àti odò tó ń kún lójijì. Òjò ibẹ̀ ò jọ tiwa. Ní apá Oban ní Cross River, òjò ọdún kan máa ń ju mílímítà 3,000 lọ. Ti Kàbbà kò tó ìdajì rẹ̀. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kó má ṣe jẹ́ kí ọlọ́kadà kankan gbé òun la odò kọjá. Kó jókòó sétí odò kí omi fà.

Ikom ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó kó wálé wá gbin kaṣú mi, Boki ò sì jìnnà sí Ikom. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ti àwọn abúlé etí igbó yẹn wá, mo ti sùn nílé òbí wọn, mo ti jẹ oúnjẹ wọn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn máa ń ká mi lára.

Ọgbà tí ọmọ yín ń sọ ni Cross River National Park. 1991 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Apá méjì ni, wọn ò sì so mọ́ra. Oban wà nísàlẹ̀, lápá Akamkpa níbi tí olú ọ́fíìsì wọn wà; òun ló tóbi jù. Okwangwo wà lókè, lápá Boki títí dé ẹ̀gbẹ́ òkè Obudu. Oban lọ kan igbó Korup ti orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, Okwangwo lọ kan Takamanda ti Kamẹrúùnù bákan náà. Nínú gbogbo igbó kìjikìji tó ṣẹ́kù sí Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ yẹn ló ní èyí tó pọ̀ jù.

Inú Okwangwo ni abúlé mẹ́ta wà: Okwangwo tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe igbó, Okwa Kìíní àti Okwa Kejì. Láyé Òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti sọ igbó náà di igbó ọba, ìlà tí wọ́n fà sì yí àwọn abúlé náà ká. Nígbà tí igbó ọba wá di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991, inú ìlà kan náà ni wọ́n tún jí bá ara wọn. Ilé wọn ò ṣípò, oko wọn ò ṣípò, ibojì bàbá wọn ò ṣípò. Òfin ló wá bá wọn nílé.

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Oko wà lẹ́yìn ilé wọn: ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kókò, iṣu díẹ̀. Owó ọwọ́ ló ń ti inú igbó wá. Ewé afang, tí àwọn ará Calabar ò lè fi ọbẹ̀ rẹ̀ ṣeré, inú igbó ló ń hù, á máa fà mọ́ igi lọ sókè. Ewé yẹn le. Obìnrin tó ń tà á á to ewé léra, á ká a pọ̀ mọ́ ọwọ́ òsì, á wá máa fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ títí á fi rí tín-ín-rín bí òwú. Ojú rẹ̀ wà lára oníbàárà, ẹnu rẹ̀ ń ná ọjà, ọ̀bẹ ń sáré, kò sì ní gé ara rẹ̀. Mo ti dúró wò wọ́n lọ́jà Ikom títí tí mo fi gbàgbé ohun tí mo wá rà.

Èkejì ni òro, èyí tí a ń lọ kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n. Nígbà òjò, èso rẹ̀ á máa já bọ́ fúnra rẹ̀, tọkọtìyàwó á kó wọ inú igbó lọ ṣà á. Wọ́n á kó o jọ sábẹ́ igi ní òkìtì. Ẹnìkan á gbé èso kan lé orí pákó, á dá àdá sí i lójú ibi tó ti pín sí méjì, á sì là gbàgà. Kóró funfun wà nínú rẹ̀, ìlàjì níhìn-ín, ìlàjì lọ́hùn-ún. Orí ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọ́n á wá yan án gbẹ lórí àjà ààrò. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà tó jẹ́ pé òro ló ń sanwó ilé-ìwé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní í mú owó náà wá, èéfín ààrò á sì máa rùn lára náírà náà bó ṣe ń kà á sórí tábìlì.

Wàyí o, ibi tó ti dìjà ni òfin. Òfin tó ń darí àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè wa, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1999, kò fàyè gba ọdẹ, kò fàyè gba oko, kò fàyè gba igi gígé, kódà kò fàyè gba kéèyàn wọlé láìgbàṣẹ. Ẹ wá wo ará Okwa tí òòrẹ̀ ń hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jẹ lóru. Bó bá dẹ tàkúté, ó rúfin. Bó bá fẹ oko sí i torí ọmọ rẹ̀ gbéyàwó, ó rúfin. Bí ìyàwó ilé bá lọ já ewé ọbẹ̀, ó rúfin. Òfin tó bá sọ odindi abúlé di arúfin láti òwúrọ̀ dalẹ́ ò lè dáàbò bo igbó kankan. Ńṣe ló ń kọ́ ọmọ kékeré bí a ṣe ń yọ́ ọ ṣe.

Kí ló dé tí wọn ò kó wọn jáde? Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń gbèrò ọgbà ọ̀hún. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n fẹ́ kó wọn lọ? Gbogbo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlà ló ní baálẹ̀, ó ní olóko. Ta ni nínú wa níbí, ní Kàbbà tàbí ní Ìyàrà, tí yóò yọ̀ǹda oko bàbá rẹ̀ fún odindi ìlú àlejò kí wọ́n máa jẹ ẹ́ títí ayé? Àwọn ará Kamẹrúùnù náà gbìyànjú rẹ̀ ní Korup, tí wọ́n sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1986. Nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n kó abúlé kan jáde, àwọn abúlé mìíràn sì ṣì wà nínú igbó náà.

Owó wà níbẹ̀rẹ̀ o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àjọ WWF tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko lágbàáyé àti ilẹ̀ Yúróòpù kówó sí i, pé kí àwọn abúlé etí igbó rí nǹkan mìíràn ṣe tí wọn ò fi ní máa jẹ igbó. Kí ẹ̀wádún náà tó parí, owó yẹn ti gbẹ. Ohun tó dun àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ jù nìyẹn: wọ́n ti fọwọ́ sí ìlà, ìlà dúró, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fọwọ́ sí i ò dúró.

Èrò tèmi rèé, mo sì dúró lé e. Ẹ má fipá kó ẹnikẹ́ni kúrò nílé bàbá rẹ̀ nítorí ẹranko. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni igbó yẹn ò ní gba kí gbogbo wa máa bù ú jẹ. Kòkó ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tó ń ṣe kòkó ní Ìjùmú mọ̀ pé ní 2024 owó kòkó lágbàáyé kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan. Owó báyẹn á sọ igbó di oko lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ará abúlé ni o, àlejò ni o. Ewé afang náà ti jìnnà, torí àwọn kan ń gé ìtàkùn rẹ̀ láti ìdí dípò kí wọ́n já ewé. Ẹni tó bá ní kí a fi igbó sílẹ̀ fún ará abúlé láìsí àdéhùn kankan, kò fẹ́ràn ará abúlé náà, torí àwọn ló máa kọ́kọ́ jìyà nígbà tí kò bá sí òro mọ́.

Ọ̀nà kẹta wà, ọmọ yín sì lè fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá gba ojú ọ̀nà Ikom sí Obudu, Okwangwo wà lápá kan, Òkè Mbe wà lápá kejì. Òkè Mbe ò sí lábẹ́ ọgbà ìjọba. Abúlé mẹ́sàn-án ló ni ín, ní 2005 wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láàárín ara wọn tí wọ́n ń pè ní CAMM láti máa bójú tó o, àjọ WCS tó ń dáàbò bo ẹranko igbó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà, ọmọ abúlé wọn ni, òfin tí wọ́n ń pa mọ́, àwọn fúnra wọn ló jókòó ṣe é. Mo ti bá ọ̀kan nínú wọn gun òkè náà. Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ dúró níbì kan, ó na ọwọ́ sí àwọn igi etí ihò àpáta, ó ní níbí ni bàbá òun ti ń ba ẹran. Lẹ́yìn náà ló fi ìtẹ́ ìnàkí hàn mí nílẹ̀: wọ́n ti ká igi wẹ́wẹ́ àti ewé mọ́ra yípo, ó fẹ̀ tó ibi tí àgbàlagbà lè nà gbalaja sí, igbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù létí rẹ̀, igi atààre igbó tí ó bó jẹ sì wà káàkiri. Ẹranko náà ò jìnnà sí wa. Ọkùnrin yẹn ò gbé ìbọn, ìwé àti bírò ló yọ jáde lápò, ó kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ìyá wa, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó kọ́ àwọn ọmọ náà dáadáa. Wọ́n nílò ìwé ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣèlérí fún wọn lọ.

LẸ́TÀ KEJÌ

"Ẹ̀gbọ́n, mo júbà. Ọdẹ ni mí, bàbá mi ń ṣọdẹ, bàbá tó bí i ń ṣọdẹ. Àwọn kan gbé ẹ̀rọ wá sí igbó wa ní Bùnú, wọ́n ń wọn ilẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ó ti gba ìlú kan pé wọ́n fẹ́ sọ ibẹ̀ di ọgbà ẹranko. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a lé wọn. Àwọn àgbà kan ní kí a gbowó kí a dákẹ́. Kí ni ká ṣe?"
Ọmọ Ọdẹ, Bùnú

Àbúrò, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ìlú yan èèyàn díẹ̀: olóyè kan, ọ̀dọ́ kan tó kàwé, àti obìnrin kan tó ń wọ igbó yẹn gan-an lọ ṣa igbá tí a fi ń ṣe irú tàbí ṣẹ́gi. Mo tẹnu mọ́ obìnrin náà torí ó mọ ohun tí ọkùnrin ò mọ̀ nípa igbó. Kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ igbó ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n béèrè ẹni tó rán àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá yẹn, kí wọ́n sì béèrè ìwé rẹ̀. Ọ̀dà pupa lára igi ń kọ mí lóminú. Agégẹdú náà máa ń kùn ún. Ẹ ò gbàgbé bí òwò igi kósó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nígbà tí ilẹ̀ Ṣáínà ń rà á, tí ọkọ̀ ń kó igi já gbogbo òru. Wọ́n fi kósó sábẹ́ òfin òwò àgbáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, ẹ lọ wo ibi tí a ti máa ń rí kósó ńláńlá lápá ibí.

Bó bá wá jẹ́ ìjọba ni lóòótọ́, ẹ mọ ohun tí òfin wí. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ó sì láṣẹ láti gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ìlú. Owó gbà-má-bínú, ohun ọ̀gbìn àti ilé ni wọ́n ń san án lé. Wọn ò ní sanwó igbó tí ẹ ò gbin nǹkan sí, bó ti wù kí ẹ ti máa ṣọdẹ níbẹ̀ tó. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ yára. Ẹ kó àwọn àgbà jọ, ẹ rin ààlà igbó náà yípo, ẹ mú àwọn ará abúlé tí ẹ jọ pààlà dání kó má baà di ìjà lọ́la. Gbogbo igi, odò, òkúta, ojúbọ, ibojì tí ẹ bá fi ṣe ààlà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fóònù tí ọmọ yín ń lò lè sọ ibi tí ẹ dúró sí gan-an, ẹ jẹ́ kó máa gba nọ́ńbà ibẹ̀ sílẹ̀. Kí gbogbo àgbà fọwọ́ sí i, kí ẹ ṣe é ní ẹ̀dà púpọ̀, kó má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ gbọ́ ìtàn Ekuri. Abúlé méjì ni, Ekuri Àtijọ́ àti Ekuri Tuntun, létí Oban níbẹ̀ náà. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn agégẹdú wá bá wọn pé kí wọ́n jẹ́ káwọn gé igbó wọn, àwọn yóò la ọ̀nà fún wọn. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù jáde nígbà yẹn, ọkọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n rò ó, wọ́n kọ̀. Hẹ́kítà 33,600 ni igbó wọn, àwọn fúnra wọn ló gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ohun tí a lè mú níbẹ̀ àti ìwọ̀n tí a lè mú, owó tí wọ́n sì rí níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi la ọ̀nà náà nígbẹ̀yìn. Ní 2004, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Equator Prize. Nígbà tó di 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ la ọ̀nà ńlá kan tó tó kìlómítà 260, wọ́n sì kéde pé àwọn gba ilẹ̀ kìlómítà 10 lọ́tùn-ún àti kìlómítà 10 lósì ọ̀nà náà. Ẹ rò ó wò, gbogbo Ekuri á ti wọ inú rẹ̀. Àwọn èèyàn náà fárí gá. Wọ́n ní ìwé, wọ́n ní àwòrán ilẹ̀, wọ́n ní orúkọ tí ayé ti mọ̀, wọ́n kọ̀wé síhìn-ín, wọ́n kọ̀wé sọ́hùn-ún. Ní 2017, ìjọba fa àṣẹ kìlómítà 10 yẹn sẹ́yìn.

Ẹ má rò pé ìyọnu ti tán fún wọn o, agégẹdú ò jáwọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Bùnú ní ohun tí Ekuri ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìjọba bá kan ilẹ̀kùn.

Bó bá wá di pé ọgbà ni wọ́n fẹ́ ṣe lóòótọ́, mi ò ní kí ẹ kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ọgbà lè ṣe wá láǹfààní. Ẹ kàn má fọwọ́ sí ohun tí wọ́n bá fẹnu sọ. Kó wà nínú ìwé pé oko yín àti ibi tí oko yóò gbòòrò dé wà lóde ìlà. Kó wà nínú ìwé pé àwọn obìnrin yóò máa wọlé ṣa igbá àti ewé, kí oṣù tí wọ́n lè wọlé hàn. Kó wà nínú ìwé pé ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹ̀yin ọdẹ gan-an, kí wọ́n sì máa gba owó oṣù. Kí wọ́n kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí owó bá dáwọ́ dúró, torí ibẹ̀ ni ti Cross River ti já.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ yìí, mo fẹ́ kí gbogbo àwa ọmọ Okun gbọ́ ọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí ajínigbé ń fi ojú wa rí lójú ọ̀nà Yàgbà àti Bùnú. Ibi tí ọdẹ ò dé mọ́, tí alágbẹ̀ ti sá kúrò, ni wọ́n fi ṣelé. Bí ìjọba bá lé ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo ìsà inú igbó yẹn jáde, tí wọ́n wá gbé ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ tí kò mọ ọ̀nà dúró síbẹ̀, ta ni wọ́n fi igbó náà lé lọ́wọ́? Ẹ sọ èyí fún wọn bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ yín nìyẹn.

LẸ́TÀ KẸTA

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo wà ní SS2. Olùkọ́ wa ní ìnàkí Cross River ti fẹ́ run tán. Mélòó ló kù? Kí ló dé tí wọn ò kó wọn sínú ọgbà tí a ti ń fi ẹranko han èèyàn kí wọ́n máa bímọ níbẹ̀?"
Akẹ́kọ̀ọ́, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ọmọ mi, olùkọ́ rẹ kò parọ́. Wọn ò tó 300 mọ́, ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pọ̀, wọ́n sì tú ká sórí òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ rò pé kò sí ìkankan ní Nàìjíríà mọ́. Àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọdẹ ibẹ̀ ò fìgbà kan sọ pé wọn ò sí.

Ìnàkí kì í bímọ lọ́pọ̀. Oyún rẹ̀ ń sún mọ́ oṣù mẹ́sàn-án bíi tèèyàn, abo kan sì máa ń tó ọdún mẹ́rin kó tó tún bí òmíràn. Ẹyọ kan tí ọdẹ bá pa lónìí, ó pẹ́ kí a tó rí ìrọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni igbó tí wọ́n lè gbà láti orí òkè kan dé òmíràn kí wọ́n lè rí ẹni tí kì í ṣe ìbátan wọn fẹ́. Àgò ò lè ṣe ìyẹn. Ní oṣù Keje 2020, wọ́n gbé àwòrán kan jáde tí kámẹ́rà inú igbó yà ní Òkè Mbe: agbo ìnàkí kan, ọmọ sì wà láàárín wọn lóríṣiríṣi ọjọ́ orí. Ní kí olùkọ́ rẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ jọ wò ó ní kíláàsì. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ tí mo rí i, torí orí òkè tí abúlé ń ṣọ́ fúnra wọn ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ yẹn.

LẸ́TÀ KẸRIN

"Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Mo ń ta èròjà ọbẹ̀. Owó àpọ̀n ti lọ sókè jù. Mo ní ilẹ̀ díẹ̀ tó lọ kan odò ní ẹ̀yìn Mọ̀pà, kaṣú wà lókè rẹ̀. Ṣé òro lè hù lọ́dọ̀ wa, àbí inú igbó ńlá nìkan ló ń hù?"
Ìyá Ẹlẹ́rù, Mọ̀pà

Ìyá Ẹlẹ́rù, á hù. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èèyàn púpọ̀ máa béèrè nìyí, torí òro tí a bá gbìn sílé ni a ò ní lọ máa bá ẹlòmíràn du nínú igbó.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, èso rẹ̀ dùn, a lè jẹ ẹ́ bíi máńgòrò, ìgbà òjò ló ń so. Èkejì, èso rẹ̀ korò, kò ṣeé jẹ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń so, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ ló ń fà jù nínú ọbẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ àpọ̀n ni ẹ ń tà, ẹ wá ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Kóró tutù ni kí ẹ gbìn. Kóró gbígbẹ tí ẹ ń tà lọ́jà, wọ́n ti là á, wọ́n sì ti yan án, kò ní hù. Ẹ bó ara èso náà kúrò, ẹ jẹ́ kí kóró náà sá díẹ̀ lábẹ́ ibòji, kí ẹ wá gbìn ín sínú ọ̀rá tí ẹ bu ilẹ̀ dúdú sí. Ó lè tó oṣù kan kó tó yọjú, ẹ má hú u wò. Igi tí a gbìn láti inú kóró máa ń pẹ́, ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó so. Èyí tí wọ́n bá fi ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ tàbí tí wọ́n mú kó ta gbòǹgbò lórí igi ìyá rẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn FRIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa igbó, ní Ìbàdàn, wọ́n máa ń ní irúgbìn igi, kí ẹ sì sọ fún wọn pé oríṣi tí kóró rẹ̀ ń fà lẹ fẹ́.

Ìsàlẹ̀ létí odò ni kí ẹ gbìn ín sí, torí ẹ̀ẹ̀rùn tiwa gùn ju ti Cross River lọ, òro ò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun gbẹ. Ẹ jẹ́ kí igi kan jìnnà sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà 35 tàbí 40. Ẹ má gé àwọn igi àtijọ́ tó wà létí odò láti fàyè sílẹ̀ fún un, ibòji wọn ló máa dáàbò bò ó lọ́dún méjì àkọ́kọ́. Kaṣú tó wà lókè, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ibi gbígbẹ ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ jù ni iná ìgbẹ́ lóṣù Kejìlá àti Kìíní: kí ẹ ti ro etí oko náà yípo kí ọyẹ́ tó dé.